Bí Mo Ṣe Ti Àna Mi Mọ́ Àárín Kásẹ́ẹ̀tì

Mo ti ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi mọ́ Keller. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tán. Mo yí kọ́kọ́rọ́, mo fi àgádágodo kún un, mo wá dúró síwájú ilẹ̀kùn nínú ṣílípáàsì bí ọlọ́pàá tí wọ́n gba bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, ọjọ́ Sátidé. N kò mu ọtí, tíì ni mo mu. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé orí àgbà kì í dàrú, ẹ ní kí ó wá béèrè mi ní Osdorfer Born, ní Germany níbí, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹsàn-án, ilẹ̀kùn tó ní ihò méjì tí a fi ń yọjú wo àlejò. Ihò kan ni wọ́n kọ́ mọ́ ọn. Èmi ni mo lu èkejì.

Ẹ̀yin ọmọ tí a bí síbí mọ Keller dáadáa: abẹ́ ilé níbi tí wọ́n fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ pín ilẹ̀ sí kéékèèké bí àgò adìyẹ, kí olúkúlùkù lè kó ẹrù tí kò fẹ́ rí mọ́, tí kò sì lè jù nù, pamọ́ sí. Àwọn aládùúgbò mi kó kẹ̀kẹ́ àti igi Kérésì oníke sínú tiwọn. Tèmi kún fún kásẹ́ẹ̀tì fíìmù láti ilẹ̀ títí dé òkè. Ìfura loògùn àgbà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ iye ṣíbí tí ó yẹ kí àgbà lò. Èmi gbé ìgò náà dà sí ọ̀fun.

Fíìmù ló kọ́ mi. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ kò pọ̀, mo kúrò níbẹ̀ kí tíṣà tó mọ orúkọ mi dáadáa. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọmọ aráyé, iwájú tẹlifíṣọ̀n ni mo ti mọ̀ ọ́n, ní Rothenburgsort, nínú yàrá kan tí ojú fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà lọ sí èbúté. Bí ọkọ̀ ńlá bá kọjá, tẹlifíṣọ̀n á gbọ̀n, òṣèré tó ń sunkún á dà bí ẹni tó ń jó.

Ẹ ò lè mọ bí fíìmù ṣe ń wọ ìlú nígbà náà. Bọ̀dá Ṣíjú ló ń gbé e wá láti Berlin. Oúnjẹ ni wọ́n ń tà: gàrí, epo pupa, ẹja gbígbẹ, pẹ̀lú irun tí àwọn obìnrin ń kì mọ́rí. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n ń wá. Fèrè ọkọ̀ wọn á dún lẹ́ẹ̀mejì kúkúrú, lẹ́ẹ̀kan gígùn, gbogbo wa á sì sáré sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Gàrí la ń wí pé a fẹ́ rà. Ojú wa kò sí lára gàrí. Ìsàlẹ̀ àpò kẹta là ń wò, níbi tí wọ́n ti fi ankárá wé kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tàbí márùn-ún tí èèyàn gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó.

Fíìmù tuntun, a kì í dá a wò. Òfin nìyẹn, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá wọ ilé rẹ, wàá pe ará. Bàtà á kún ẹnu ọ̀nà títí ilẹ̀kùn kò fi ní lè padé. Àwọn obìnrin á gba orí bẹ́ẹ̀dì, àwọn ọmọ á jókòó sílẹ̀, àwa ọkùnrin á fẹ̀yìn ti ògiri. Bí a bá fi kásẹ́ẹ̀tì sẹ́nu fídíò, á gbé e mì, kàtà, á kùn díẹ̀ bí ológbò tó yó, ilà funfun á sì máa sáré lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹnìkan á dìde lu orí ẹ̀rọ náà. Bí kò bá gbọ́, a ó fi òwú tí a rẹ sínú lọ́fínńdà nu inú rẹ̀. Ọjọ́ Àjíǹde kan, fídíò jẹ kásẹ́ẹ̀tì síbi tó dùn jù, tẹ́ẹ̀pù fà jáde gbọọrọ bí ìfun adìyẹ. Ìyá ìjọ kan tí wọ́n ń bá wa wò ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà, wọ́n bá ẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀ wí. Èmi fi pẹ́ńsù yí tẹ́ẹ̀pù náà padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ṣiṣẹ́, ìyá ìjọ ni gbogbo ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Gbogbo wa là ń bá fíìmù sọ̀rọ̀. "Má jẹ ẹ́! Má fẹnu kan oúnjẹ yẹn!" Obìnrin German tó wà lábẹ́ wa á fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà. A ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, ní ilé ìkẹ́rùsí tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní Billbrook, a ó máa gbé páálí, a ó máa jiyàn: ta ló gbé oògùn sínú ọbẹ̀? Apá kejì kò ní dé títí oṣù mìíràn. Oṣù kan odindi tí èèyàn fi ń fura sí ẹni tí kò sí! Ẹ̀yin lónìí, ẹ kì í dúró de nǹkan kan. Olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tó kì bọ etí, ọmọ ní yàrá, ìyá ní ilé ìdáná, fíìmù ń sáré lábẹ́ ìka yín bí ẹni tí ajá ń lé. Bí wọ́n bá fẹ́ pa ẹnìkan nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó máa kìlọ̀ fún un.

Èyí tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn, a kì í pè é lórúkọ tó wà lára páálí rẹ̀. "Ti káfíńtà" là ń pè é. Olówó kan wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà, ó ní kí ó kan pósí fún bàbá òun tó ti dàgbà. Ó fún un ní ìwọ̀n. Káfíńtà mú ayùn, ó rẹ́ pákó, kò sí orin kankan, ìró ayùn nìkan. Ó dé àárín iṣẹ́, ó dúró. Ó fi okùn ìwọ̀n náà wọn ara rẹ̀, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gírẹ́gí. Kò pariwo, kò lọ ilé olóògùn, kò sọ fún ìyàwó. Ó kàn gé pósí náà kúrú ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá gbé e, ó ní, "Èyí ti kúrú jù." Káfíńtà ní, "Mo mọ̀." Ó tán. Mo fẹ́ràn fíìmù yẹn nítorí pé kò sí àrá tó sán níbẹ̀, èèyàn kan ni wọ́n jẹ́ kó ronú lójú wa. Ohun mìíràn tún ni pé iná lọ nígbà tí wọ́n ń ya á. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú, àwọn òṣèré ń sọ̀rọ̀ lọ nínú òkùnkùn, a gbọ́ tí ẹnìkan fa jẹnẹrétọ̀, iná dé, wọn kò sì gé e kúrò. Fíìmù tí kò fi àléébù rẹ̀ pamọ́, òun ni mo lè gbẹ́kẹ̀ lé. Àmọ́ láti ìgbà náà, bí ọ̀rẹ́ bá béèrè ìwọ̀n ṣòkòtò mi, màá kọ́kọ́ béèrè ìdí.

Èmi ni mo ń ṣe ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì fún ìlú. Ẹ̀rọ méjì ni mo ní, mo fi wáyà so wọ́n pọ̀, ọ̀kan ń fúnni, èkejì ń gbà. A kò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Tàbí kí n sọ òótọ́: a mọ̀ díẹ̀. Ọjọ́ kan ni àwọn agbófinró wọ ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, wọ́n kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ lọ nínú àpótí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò fi lè sùn dáadáa. Bí bọ́ọ̀sì bá dúró lábẹ́ fèrèsé, màá pa tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà tí a kó wá sí Osdorfer Born, mo kó gbogbo wọn sínú Keller, mo to páálí bàtà síwájú wọn. Ọdún gorí ọdún, fídíò kú, Bọ̀dá Ṣíjú náà padà sílé lọ sinmi, kò sì sẹ́ni tó wá mú mi. Ìyàwó mi ní, "Ta ló rántí yín?" Mo ní bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn kí wọ́n tó wá.

Fíìmù kejì ló ba ti ayé mi jẹ́ pátápátá. "Ti ayálégbé" là ń pè é. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sílé bàbá kan. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó mọ ìkíni ju ọmọ onílé lọ. Kì í jẹun wọn, ó ní òun ti yó. Ó ń béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: yàrá mélòó ló wà níbí, bàbá? Ìwé ilé yìí, ibo lẹ ń tọ́jú ẹ̀ sí? Kí fíìmù tó parí, bàbá onílé ló ń gbálẹ̀, ayálégbé ló ń pè é ní "ìwọ yìí". Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé bàbá náà kì í ṣe òmùgọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló rí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ fi hàn. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Mo wò ó lẹ́ẹ̀méje, mo sì búra pé ìtìjú kò ní pa èmi.

Ìyẹn gbé wa dé ọ̀rọ̀ Fọlákẹ́, ọmọ mi kan ṣoṣo. Berlin ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin àkọ́kọ́ tó mú wá hàn wá, mo bi í ní Meldebescheinigung rẹ̀, ìwé ìjọba tó ń jẹ́rìí ibi tí èèyàn ń gbé. Mo tún ní kó mú ìwé owó oṣù mẹ́ta wá, bí onílé ṣe ń bi ẹni tó fẹ́ gba yàrá. Ọmọkùnrin náà mu omi, ó ní òun fẹ́ gba afẹ́fẹ́ díẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì gbé e dé Berlin. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni Fọlákẹ́ kò fi wá sílé. Ìyá rẹ̀ kò bá mi jà, ó kàn máa ń gbé àwo kẹta sórí tábìlì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, á wò ó, á tún gbé e kúrò. Ìyẹn burú ju ìjà lọ.

Ó wá di ọjọ́ kan, fóònù dún.

"Daddy, mo ń mú ẹnìkan bọ̀ ní Sátidé, agogo mẹ́rin. Dípọ̀ lorúkọ ẹ̀."

"Ọmọ ta ni?"

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Daddy, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Òun ni mo máa mú wá kẹ́yìn. Bí ẹ bá lé èyí, èmi náà ò ní wá mọ́. Màá máa pè yín lọ́dún tuntun, ó tán."

Kò pariwo. Ọmọ tó ń pariwo ṣì ń bẹ̀bẹ̀ ni. Mo ṣèlérí. Mo lọ gẹrun, mo ra ohun mímu, mo kọ́ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín níwájú dígí.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí: ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìwé wá láti ọ̀dọ̀ àwọn alábòójútó ilé, pé ẹnìkan máa wá wo gbogbo Keller nítorí iná, kí oníkálukú kó ohun tó lè jó kúrò. Ohun tó lè jó! Kásẹ́ẹ̀tì ni ẹ ń bá wí, mo sọ fún ìyàwó mi, wọ́n kàn fi iná bojú ni. Ó wò mí títí. Ó ti ibi iṣẹ́ òru dé nílé àwọn arúgbó tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. "Bàbá Fọlákẹ́, mo fẹ́ sùn. Ẹ jí mi ní agogo mẹ́ta kí n se ìrẹsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fura sí nǹkan kan títí n ó fi jí."

Agogo méjì ni agogo ẹnu ọ̀nà dún. Mo wo ihò àkọ́kọ́, mo wo èkejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó dá wà, báàgì dúdú wà léjìká rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ kan tí ó fi aṣọ wé mọ́ra. Ó kù wákàtí méjì kí ọmọ mi dé pẹ̀lú ẹni tirẹ̀, nítorí náà èyí kì í ṣe òun. Mo ṣílẹ̀kùn díẹ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀. Mo ní ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹsàn-án, lórí ilẹ̀ tútù, tí obìnrin Turkey tó ń gbé ìdọ̀tí lọ fi ní láti yẹ̀ ẹ́.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ kúulé, sà. Ẹ kú ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀."

Ta ni ń dọ̀bálẹ̀ báyẹn fún ẹni tí kò mọ̀ rí ní Germany? Ẹni tó ń wá nǹkan ni. Yorùbá rẹ̀ tún mọ́ jù. Mo bi í níbi tí wọ́n ti bí i, ó ní Berlin. Ọmọ Berlin, "ẹ kúulé"? Ta ló kọ́ ọ, fún iṣẹ́ wo?

"Kí lo wá ṣe?"

Ó dorí kodò. "Sà, mo... mo gbọ́ pé ẹ ní kásẹ́ẹ̀tì fíìmù àtijọ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo máa ń kó wọn sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n má bàa bàjẹ́. Mo fẹ́ rí wọn, bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Wá mu omi." Ó ní rárá, òun dúpẹ́, òun ò tíì lè jẹ, òun ò tíì lè mu. Kò tíì lè mu! Ayálégbé gan-an ló wọlé yìí, pẹ̀lú báàgì.

"Mélòó ni wọ́n, sà? Ẹ̀yin lẹ ṣe ẹ̀dà wọn fúnra yín? Ibo lẹ tọ́jú wọn sí?"

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n jí ìyàwó mi. Ohun tí mo ṣe ni pé mo rín ẹ̀rín tí mo kọ́ níwájú dígí, mo mú kọ́kọ́rọ́, mo ní, "Tẹ̀ lé mi." A wọ lífítì. Mo ń ronú pé kí n jẹ́ kó wọlé, kí n wo ohun tó máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ọwọ́ olè, ohun tó bá wá ló ń kọ́kọ́ mọ̀.

Ó wọ inú àgò Keller mi, ó gbé páálí bàtà kúrò. Ó rí wọn. Ẹnu rẹ̀ là. Ó mú ọ̀kan láti àárín, ó gbé e sókè wo ojú fèrèsé kékeré tó wà lára kásẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Sà, ẹ wo ibí yìí. Wọ́n ti yí èyí padà síbì kan ṣoṣo lọ́pọ̀ ìgbà, tẹ́ẹ̀pù náà ti ṣá. Ṣé ti opó méjì nìyí? Èyí tó ní ewúrẹ́?"

Kò sí orúkọ lára kásẹ́ẹ̀tì náà. Ilé mi nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn. Mo bọ́ sẹ́yìn, mo gbá ilẹ̀kùn pákó dé, mo yí kọ́kọ́rọ́, mo fi àgádágodo kún un.

"Ta ló rán ẹ?"

Ó yọjú láàárín pákó méjì. "Ẹ̀n... mi ò lè sọ ọ́ báyìí, sà. Ẹ má bínú. Ẹni tó máa sọ ọ́ ń bọ̀ lọ́nà."

Wọ́n pọ̀ nìyẹn! Mo ní, "Ṣé o rí i pé mo ti ilẹ̀kùn?"

"Mo rí i, sà. Ó dáa, sà."

Olè wo ló ń sọ pé ó dáa? Bí mo ṣe ń ro ìyẹn, iná kú. Ẹ mọ̀ pé iná Keller kì í dúró, ìṣẹ́jú méjì, ó ti parẹ́. Nínú òkùnkùn yẹn, àwa méjì, ọ̀kan nínú àgò, ọ̀kan lóde, èmi tí mo wà lóde ni mo pariwo.

"Ẹ má bẹ̀rù, sà," ni ohùn kan sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láàárín kásẹ́ẹ̀tì. "Súìṣì ń bẹ lápá ọ̀tún yín, lókè díẹ̀."

Ó ti ṣọ́ súìṣì náà! Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ti jókòó lórí páálí, ó gbé ọwọ́ lé itan bí ọmọ tí wọ́n mú wá síwájú ọ̀gá ilé ìwé. A wo ara wa. Àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe mí, mo lé e dànù.

"Sà," ó ní, "nígbà tí a ṣì ń dúró, èwo lẹ fẹ́ràn jù nínú wọn?"

Ọgbọ́n àrékérekè ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ọdún mélòó ni ẹnikẹ́ni kò ti bi mí ní ìbéèrè yẹn? Ìyàwó mi mọ èsì. Fọlákẹ́ kò sí nílé. Ẹ̀yin, fóònù yín ló ń sọ fún yín ohun tí ẹ máa wò. Iná tún kú, mo tẹ̀ ẹ́. Mo ní n kò ní sọ fún un. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti káfíńtà.

Ó rẹ́rìn-ín síbi tó yẹ. Ó ní, "Àtẹ́lẹwọ́ méjì péré? Ọlọ́gbọ́n ni." Mo sọ ti ayálégbé, mo ń wo ojú rẹ̀ bóyá á yí padà. Ó kàn béèrè pé, "Kí ló dé tí bàbá náà kò sọ̀rọ̀?" Mo ní ìtìjú ni. Ó rò ó, ó ní, "Àbí ó ń fẹ́ ẹni tó máa bá òun gbélé." N kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí, nínú ẹ̀ẹ̀méje. Ó bí mi nínú díẹ̀.

"Ti opó méjì ńkọ́, sà?"

Mo wolẹ̀. Ti opó méjì kì í ṣe fíìmù gidi kan lójú àwọn tó mọ fíìmù. Ìyáálé àti ìyàwó, ọkọ wọn kú, ó fi ewúrẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀, ewúrẹ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. "Ewúrẹ́, sọ fún ẹnì kejì rẹ pé ọbẹ̀ rẹ̀ ń jó." "Ewúrẹ́, sọ fún ìyá àgbà yẹn pé imú rẹ̀ ló ń jó." Ewúrẹ́ á wo èyí, á wo tọ̀hún. Ọmọ ọdún méje ni Fọlákẹ́ nígbà náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lé ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Daddy, ẹ dá a padà." Mo dá a padà. Kò sí ìrọ̀lẹ́ tí mo ti Billbrook dé tí a kì í dá ewúrẹ́ yẹn padà. Ó rẹ̀ mí, ọwọ́ mi tutù, mo ń run páálí àti epo ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín lórí ẹsẹ̀ mi. Èyí ni fíìmù tí mo fẹ́ràn jù láyé. Kì í ṣe fíìmù dáadáa.

N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ewúrẹ́ náà. Mo kàn mọ̀ pé mo ti kúnlẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, mo ń yí ọrùn láti ọ̀tún sí òsì, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín nínú àgò tí omi ń jáde lójú rẹ̀, iná kú, mo sì ń ké "mẹ̀ẹ̀ẹ̀" lọ nínú òkùnkùn. Ẹnìkan tẹ súìṣì. Èmi kọ́.

"Papa! Was machst du da? Wo ist Dípọ̀?"

Fọlákẹ́ ń bi mí ohun tí mo ń ṣe níbẹ̀ àti ibi tí Dípọ̀ wà. German ló máa ń sọ bí ó bá bínú, nítorí ibẹ̀ ni kò ti ní pọn dandan kó fi "ẹ" sí i. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ìyá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú ìró tí ó fi sùn; wọ́n ti rí i pé kọ́kọ́rọ́ Keller kò sí lókè. Mo gbọ́ orúkọ yẹn. Dípọ̀. N kò bi ọmọ náà lórúkọ. Gbogbo ìwé tí mo bi ti àkọ́kọ́, n kò rántí bi èyí lórúkọ.

"Mo wà níbí," ni Dípọ̀ wí.

"Nínú Keller? Ó tì ẹ́ mọ́ Keller?"

Ọ̀rọ̀ tú jáde nígbà náà. Berlin ni àwọn méjèèjì ti gbéra láàárọ̀. Dípọ̀ wọ bọ́ọ̀sì nítorí pé ó fẹ́ gba fídíò àlòkù kan ní Billbrook, Fọlákẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ojú irin sì dúró sínú igbó. Fọlákẹ́ kọ̀wé sí fóònù mi pé Dípọ̀ á ṣáájú òun dé, mo rí i, mo rò pé oníjìbìtì ni. Dípọ̀ tètè parí ní Billbrook, Fọlákẹ́ sì ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, òtútù mú. Ìyá Dípọ̀ ti kìlọ̀ fún un: ọkọ ìyàwó kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni ọkọ ìyàwó. Ẹni tó mú un wá ló ń sọ ọ́. Kí wọ́n tó sọ ọ́, kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu. Ẹ̀kọ́ ilé ló jókòó sórí páálí mi yẹn, tí èmi ń pè ní olè.

"Bàbá Fọlákẹ́," ìyàwó mi ní, ohùn rẹ̀ kò ròkè, "ẹ ti pa wá."

Mo wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ó bọ́, mo mú un, ó tún bọ́. Fọlákẹ́ kò ràn mí lọ́wọ́.

"Mo sọ fún yín, Daddy. Mo sọ fún yín lórí fóònù. Dípọ̀, gbé báàgì ẹ. Ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ ṣì wà. A ń padà lọ."

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo ṣí àgádágodo, mo yí kọ́kọ́rọ́, mo fa ilẹ̀kùn pákó náà sílẹ̀ gbayawu, mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí wọ́n lè kọjá. Mo wo bàtà ọmọ mi, nítorí n kò lè wo ojú rẹ̀, mo ń rò pé bàtà yìí, bóyá mo ń rí i kẹ́yìn nìyí.

Dípọ̀ kò dìde. Kásẹ́ẹ̀tì opó méjì wà lórí itan rẹ̀.

"Dípọ̀, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́." Ó wò ó, ó wo ìyàwó mi, ó wò mí. "Fọlákẹ́, iṣẹ́ òru ni bàbá tèmi ń ṣe. Títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn nínú ilé wa, nítorí wọ́n ń sùn. Kí wọ́n tó kú, bí a bá kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwa méjèèjì jọ sọ pọ̀, kò tó ti wákàtí méjì yìí. Ẹ̀yin ẹ máa gòkè lọ. Daddy ń bá mi sọ̀rọ̀."